Frances Marion: obìnrin tó kọ ìtàn tí gbogbo ayé ń wò

A tún ti dé pẹ̀lú ìtàn ìgbésí ayé èèyàn kan tó ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ kò kú.

Bí a bá jókòó wo sinimá nílé, orúkọ ẹni tó ṣeré ni a máa ń mọ̀. Àwọn ọmọ wa á máa pe orúkọ òṣèré náà, wọ́n á máa fara wé bó ṣe ń rìn àti bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó kọ ìtàn náà sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé káàmẹ́rà, a kì í bèèrè rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ á kọjá lójú télé fìrí, ó parí. Obìnrin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí wà lára irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀. Ó kọ ìtàn fún sinimá tó lé ní 100 nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ó gba ẹ̀bùn Oscar lẹ́ẹ̀mejì, àwọn òṣèré tó kọ ìtàn fún sì di olókìkí káàkiri ayé. Frances Marion ni orúkọ rẹ̀.

Ọmọ tí wọ́n lé nílé ìwé

Ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1888 ni wọ́n bí i ní ìlú San Francisco, létí òkun ní apá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Marion Benson Owens ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Bàbá àti ìyá rẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀ nígbà tó ṣì kéré. Ọmọ náà fẹ́ràn àwòrán yíyà gan-an ni, àwòrán yìí náà ló sì kọ́kọ́ kó o sí wàhálà. Nígbà tó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 12, ó ya olùkọ́ rẹ̀ ní àwòrán ẹ̀fẹ̀, wọ́n bá lé e kúrò nílé ìwé.

Nígbà tó dàgbà díẹ̀, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwòrán ní San Francisco. Ó wà níbẹ̀ títí di oṣù kẹrin ọdún 1906, nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní ìlú náà. Ilé wó, iná sì sọ, ó jó ìlú fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá iná yẹn lọ. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà náà. Ọdún yẹn náà ló fẹ́ ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Kí ó tó pé ọmọ ọdún 30, ó ti fẹ́ ọkọ méjì, ìgbéyàwó méjèèjì kò sì tọ́jọ́.

Ṣùgbọ́n kò ká ọwọ́ lérí. Ó ya àwòrán ìpolówó ọjà, ó bá onífótò ṣiṣẹ́, ó sì ṣe oníròyìn. Nígbà tó ń ṣe oníròyìn yìí, wọ́n rán an pé kó lọ fọ̀rọ̀ wá òṣèré-bìnrin kan lẹ́nu wò, ẹni tí ń jẹ́ Marie Dressler. Obìnrin sísanra, aláwàdà ni Dressler, òkìkí rẹ̀ sì kàn nígbà náà. Àmọ́ ìjà wà láàárín òun àti ẹni tó ni ìwé ìròyìn náà, kò sì fẹ́ rí ẹnikẹ́ni tó bá tọ̀dọ̀ wọn wá. Gẹ́gẹ́ bí Frances fúnra rẹ̀ ṣe ròyìn nígbà tó dàgbà, bí ó bá padà lọ́wọ́ òfo, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Àánú ọmọ náà ṣe Dressler, ó sì dá a lóhùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Bó ṣe wọ iṣẹ́ sinimá

Ní nǹkan bí ọdún 1912, ó kó lọ sí Los Angeles. Ìlú náà kò tíì di ohun tí ayé mọ̀ lónìí. Àwọn onísinimá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ni, nítorí pé oòrùn pọ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ káàmẹ́rà ayé ìgbà yẹn kò sì ṣeé ṣe dáadáa láìsí oòrùn. Àwòrán ìpolówó fún ilé eré ìtàgé ni Frances kọ́kọ́ ń yà.

Ní ọdún 1914, ó bá obìnrin kan pàdé tó yí ayé rẹ̀ padà. Lois Weber ni orúkọ obìnrin yẹn. Olùdarí sinimá ni, ó ń kọ ìtàn, ó sì ń ṣeré. Frances kò wá láti di òṣèré, àmọ́ kò sí iṣẹ́ tí wọn kò fi lé e lọ́wọ́: ó kọ̀wé, ó ṣeré díẹ̀, ó gé fíìmù, ó sì so ó pọ̀. Bí ọmọṣẹ́ ṣe ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá nìyẹn. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ Frances Marion.

Ó yẹ ká ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀. Sinimá ìgbà yẹn kò ní ohùn. Èèyàn á máa yẹnu lójú fíìmù, ẹ kò ní gbọ́ nǹkan kan, àfi orin tí ẹnì kan ń fi dùùrù kọ nínú ilé sinimá. Nítorí náà, ẹni tó ń kọ ìwé ìtàn sinimá, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní scénario, kò lè fi ẹnu òṣèré sọ gbogbo nǹkan. Ohun tí ojú máa rí ló máa kọ: bí obìnrin ṣe wọlé, ohun tó fọwọ́ kàn, ibi tó wò, ohun tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá di dandan, wọ́n á kọ ọ́ sójú fíìmù ní gbólóhùn kúkúrú, kí àwọn èèyàn kà á. Ẹni tó ti ń ya àwòrán láti kékeré, ṣé ẹ rí i pé iṣẹ́ yìí bá a lára mu.

Àwọn obìnrin pọ̀ nídìí iṣẹ́ náà nígbà yẹn. Anita Loos wà níbẹ̀, June Mathis wà níbẹ̀, Jeanie MacPherson náà wà níbẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó gbà pé sinimá jẹ́ iṣẹ́ ńlá tí owó gọbọi wà nídìí rẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó dí ọ̀nà mọ́ wọn. Ìgbà tí owó ńlá dé ni ọ̀rọ̀ yí padà, ẹ ó rí i níwájú.

Ọ̀sẹ̀ méjì láìgba owó

Ní Los Angeles ni Frances ti di ọ̀rẹ́ Mary Pickford, òṣèré-bìnrin tí gbogbo Amẹ́ríkà fẹ́ràn jù lọ lásìkò náà. Ó kọ ìtàn kan fún un tí ń jẹ́ The Foundling. Wọ́n fi ìtàn náà ṣe sinimá ní New York ní ọdún 1915. Frances rò pé ayé òun ti dára. Ó gbéra, ó lọ sí New York. Àfi bí iná ṣe jó ilé-iṣẹ́ náà, tí ògidì fíìmù náà sì jóná ráúráú kí aráyé tó rí i. Ẹ wo obìnrin yìí: iná San Francisco jó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, iná New York tún jó iṣẹ́ rẹ̀.

Kò sunkún lọ sílé. Ó tọ William Brady lọ, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ World Film, tí sítúdíò rẹ̀ wà ní Fort Lee, ní òdìkejì odò sí New York. Ó ní òun máa ṣiṣẹ́ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì láìgba kọ́bọ̀. Bí iṣẹ́ òun bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó wá gba òun síṣẹ́. Nígbà tó wọlé, kò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn tuntun. Ó lọ wo àwọn fíìmù tí wọ́n ti ṣe tán tí wọ́n sì jù sí kọ̀rọ̀ nítorí pé wọn kò dára. Ó rí ọ̀kan tí ọmọ ọ̀gá náà gan-an, Alice Brady, ti ṣeré. Frances kọ ìbẹ̀rẹ̀ tuntun àti ìparí tuntun fún un, ohun tó jẹ́ eré ẹkún tí kò dùn bá di eré ẹ̀rín. Wọ́n ya apá díẹ̀ yẹn, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti àtijọ́, fíìmù tí wọ́n ti sọ nù sì di ohun tí wọ́n rí tà. Owó tí wọ́n ti kà sí òfò padà wọlé. Brady gbà á síṣẹ́, 200 dọ́là lọ́sẹ̀ kan. Owó ńlá nìyẹn láyé ìgbà náà.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Faransé, ẹ ó fẹ́ mọ èyí pẹ̀lú: ní Fort Lee yìí kan náà ni obìnrin Faransé kan, Alice Guy, kọ́ sítúdíò tirẹ̀ sí ní ọdún 1912, tó ń jẹ́ Solax. Akọ̀wé ni Alice Guy tẹ́lẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Gaumont ní Paris kó tó di ẹni tó ń ṣe sinimá. Nítorí náà Frances kò dá wà lójú ọ̀nà yìí. Àwọn obìnrin kan ti tọ̀ ọ́ ṣáájú.

Fíìmù tí àwọn ọ̀gá sọ pé kò dára

Ní ọdún 1917, Frances kọ The Poor Little Rich Girl fún Mary Pickford. Ìtàn ọmọ olówó kan ni, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kò ráyè tirẹ̀, tí gbogbo ilé kún fún ìránṣẹ́ ṣùgbọ́n tí kò rí ẹni bá ṣeré. Mary ti lé ní ọmọ ọdún 20, ó sì ṣe bí ọmọ ọdún 11. Maurice Tourneur, ọmọ Faransé, ló darí rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Tourneur fẹ́ kí nǹkan rí létòlétò, kó lẹ́wà, kó ní iyì. Frances àti Mary ní tiwọn ń fi àwàdà kún un lójoojúmọ́, títí kan ibi tí àwọn ọmọdé ti ń sọ ẹrẹ̀ lu ara wọn. Inú olùdarí kò dùn sí i rárá.

Nígbà tí wọ́n fi han àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní fíìmù náà ti bàjẹ́. Ìtìjú bá àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì, ẹ̀rù sì bà wọ́n. Nígbà tí wọ́n wá gbé e jáde fún gbogbo èèyàn ní oṣù kẹta ọdún 1917, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sunkún, wọ́n tún padà wá wò ó. Àwọn tó san owó ẹnu ọ̀nà ló dá ẹjọ́ náà, wọ́n sì dá a fún àwọn obìnrin méjèèjì.

Láti ìgbà yẹn, ọ̀nà là. Lọ́dún náà, wọ́n bá Frances ṣe àdéhùn 50,000 dọ́là lọ́dún. Ó kọ Rebecca of Sunnybrook Farm fún Mary, ó kọ Stella Maris, nínú èyí tí Mary ti ṣe ọmọbìnrin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan arẹwà olówó, èkejì òtòṣì ọmọ òrukàn. Ó tún kọ Pollyanna.

Ogun àti ilé tirẹ̀

Ní ọdún 1918, nígbà tí àdéhùn rẹ̀ ń mówó wọlé, Frances fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí France. Ogun ńlá ni, ogun kan náà tí wọ́n kó àwọn baba-ńlá wa láti Dahomey lọ jà. Ìjọba Amẹ́ríkà rán an láti ṣe ìròyìn nípa iṣẹ́ tí àwọn obìnrin ń ṣe lójú ogun: àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn awakọ̀, àwọn tó ń pín oúnjẹ. Lẹ́yìn tí ìbọn dákẹ́, ó sọdá odò Rhine wọ Jámánì.

Ṣáájú ogun ló ti mọ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Fred Thomson, pásítọ̀ tó tún jẹ́ akọni nínú eré ìdárayá. Fred lọ sógun gẹ́gẹ́ bí pásítọ̀ àwọn ọmọ ogun. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1919, wọ́n ṣègbéyàwó. Lọ́tẹ̀ yìí, ilé náà tòrò. Nígbà tí Frances darí fíìmù kan fúnra rẹ̀ fún Mary Pickford, The Love Light, tó jáde ní ọdún 1921, Fred ṣeré nínú rẹ̀. Bó ṣe di òṣèré nìyẹn. Fred di ọ̀kan lára àwọn kọ́bọ̀ì tí àwọn ọmọdé Amẹ́ríkà fẹ́ràn jù, òun àti ẹṣin funfun rẹ̀ tí ń jẹ́ Silver King.

Ta ló ń kọ ìtàn fún kọ́bọ̀ì yìí? Ìyàwó rẹ̀ kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Frank M. Clifton, orúkọ ọkùnrin, ló fi síbẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń mú owó wọlé fún àwọn sítúdíò ńlá fi orúkọ náà pamọ́ kí ọkọ rẹ̀ lè tàn. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ẹ̀yin obìnrin ilé máa mọ̀ ọ́n jù wá lọ.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Ní ìparí ọdún 1928, Fred fi ẹsẹ̀ tẹ ìṣó nílé ẹṣin. Àwọn dókítà kò tètè mọ ohun tó ń ṣe é. Àrùn tétanos ni, àrùn tí wọ́n ń gún àwọn ọmọ wa ní abẹ́rẹ́ sí ní dispensaire. Ọjọ́ Kérésìmesì gan-an ló kú. Ó fi Frances sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọkùnrin kéékèèké méjì, ọ̀kan tó bí, ọ̀kan tó gbà tọ́.

Gbèsè Marie Dressler

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀, sọ́dọ̀ Marie Dressler. Ní ọdún 1914, Dressler ti bá Charlie Chaplin ṣeré nínú sinimá gígùn, ó sì lókìkí. Àmọ́ ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tó fi máa lé ní ẹni ọdún 50, kò sẹ́ni tó pè é síṣẹ́ mọ́. Obìnrin sísanra, tó ti dàgbà, tí kì í ṣe arẹwà: àwọn sítúdíò kò rí ohun tí wọ́n máa fi í ṣe. Ó jókòó sí New York, owó ń tán lọ.

Frances gbọ́. Kò fi owó ránṣẹ́ lásán. Ó kọ ìtàn tó bá Dressler mu, The Callahans and the Murphys, ó sì bá Irving Thalberg, ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ ní MGM, sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi pè é wá. Fíìmù náà jáde ní ọdún 1927. Ó ṣeni láàánú pé àwọn ará Ireland tó wà ní Amẹ́ríkà bínú sí i, wọ́n ní ó fi àwọn ṣẹ̀sín, MGM sì kó o kúrò ní gbogbo ilé sinimá. Ìgbà kan ló kùnà.

Frances kò jáwọ́. Nígbà tí sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, wọ́n ní kó kọ ìtàn Anna Christie, fíìmù àkọ́kọ́ tí ayé ti máa gbọ́ ohùn Greta Garbo. Frances wá ojú àyè fún Dressler nínú rẹ̀, ó ṣe ìyá àgbà ọ̀mùtí kan létí omi. Nígbà tí fíìmù náà jáde ní ọdún 1930, Garbo ni àwọn èèyàn wá wò, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ̀rọ̀ Dressler bí wọ́n ṣe ń lọ sílé. Lọ́dún náà gan-an, Frances bá ẹlòmíì kọ Min and Bill, Dressler sì ni olórí eré náà: obìnrin tó ni ilé ìtura kékeré létí èbúté, tó tọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí tó fi fi ara rẹ̀ jìn fún un. Ìyá àgbà tí wọ́n ti gbàgbé gba Oscar òṣèré-bìnrin tó dára jù lọ. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Kó tó kú ní ọdún 1934, òun ni ilé sinimá ń pa owó lé lórí jù lọ ní Amẹ́ríkà.

Oore tí ẹnì kan ṣe fún ọmọ oníròyìn ní San Francisco, ó padà wá bá a ní ogún ọdún lẹ́yìn náà.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n àti Oscar méjì

Nígbà tí ohùn wọ sinimá, ìṣòro bá ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń kọ ohun tí ojú ń rí, ó lè má mọ ohun tí ẹnu máa sọ. MGM gbé ìtàn ọgbà ẹ̀wọ̀n lé Frances lọ́wọ́, ìtàn tí àwọn ọkùnrin pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kó tó kọ ọ́, ó lọ sí ẹ̀wọ̀n San Quentin fúnra rẹ̀. Ó wo bí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ṣe ń rìn, bí wọ́n ṣe ń jẹun, ó sì fetí sí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀.

The Big House ni fíìmù náà, ó jáde ní ọdún 1930. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan mutí wakọ̀, ó pa èèyàn, wọ́n wá sọ ọ́ sínú yàrá kan náà pẹ̀lú àwọn ọ̀daràn paraku. Ẹ̀wọ̀n náà kún àkúnya, kò síṣẹ́, oúnjẹ kò dára, ó sì di ogun. Kì í ṣe pé Frances ń gbè sẹ́yìn ọ̀daràn. Ohun tó fi hàn ni pé bí wọ́n bá kó èèyàn pọ̀ bí ẹran, ẹni tó wọlé lọ́mọ tútù á jáde ní ohun mìíràn. Ó gba Oscar òǹkọ̀wé fún un. Obìnrin kankan kò tíì gbà á rí nídìí ìwé kíkọ.

Lẹ́yìn náà ló kọ ìtàn The Champ, tó jáde ní ọdún 1931. Abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò kan tó ti gbó, tó ń mutí, tó ń ta tẹ́tẹ́, àti ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré tó gbà pé kò sí irú bàbá òun láyé. Ẹkún pọ̀ nínú ilé sinimá. Ìtàn yìí fún un ní Oscar kejì, kò sì sí òǹkọ̀wé, ọkùnrin tàbí obìnrin, tó ti gba méjì ṣáájú rẹ̀. Ní ọdún 1979, wọ́n tún fi ìtàn náà ṣe sinimá mìíràn.

Nígbà tí wọ́n gé owó oṣù

Ní oṣù kẹta ọdún 1933, ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, ìjọba sì ti gbogbo báńkì. Àwọn ọ̀gá MGM pe àwọn òṣìṣẹ́ jọ, wọ́n ní kí wọ́n fara mọ́ ìdajì owó iṣẹ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀pọ̀ gbà pẹ̀lú omijé. Àmọ́ àwọn òǹkọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè pé ta ni máa gbèjà àwọn. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, syndicat àwọn òǹkọ̀wé sinimá, Screen Writers Guild. Frances Marion ni igbákejì ààrẹ.

Ẹ wò ó dáadáa. Frances wà lára àwọn òǹkọ̀wé tí owó wọn ga jù lọ ní Hollywood. Àwọn ọ̀gá pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń jẹun. Bó bá jókòó jẹ́jẹ́ sínú ilé rẹ̀, kò sí ohun tó máa sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n ń fi owó táṣẹ́rẹ́ ra ìtàn wọn, tí wọ́n sì ń yọ orúkọ wọn kúrò lójú fíìmù bó ṣe wu ọ̀gá, àwọn yẹn ló bá dúró. Àwọn ọ̀gá sítúdíò kórìíra ẹgbẹ́ náà, wọ́n bá a jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Títí di òní olónìí, àwọn òǹkọ̀wé sinimá ní Amẹ́ríkà ṣì ní ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo owó wọn àti orúkọ wọn, inú ẹgbẹ́ ọdún 1933 yẹn ló ti hù jáde.

Bó ṣe kúrò

Thalberg kú ní ọdún 1936. Frances ní ọ̀rẹ́ kan lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá, ọ̀rẹ́ náà ti lọ. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti yí padà. Ẹnì kan á kọ ìtàn, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíì pé kó tún un kọ, ẹni kẹta á tún gbà á. Níkẹyìn, ẹni tó bí ọmọ kò ní mọ ojú ọmọ náà mọ́. Iye àwọn obìnrin tó ń kọ ìtàn ń dín kù lọ́dọọdún. Nígbà tí iṣẹ́ náà kò níyì, obìnrin ló kún ibẹ̀. Nígbà tí owó àti ọlá dé, ọkùnrin ló jókòó sórí àga.

Kì í ṣe pé Frances kò lè kọ mọ́. Ní ọdún 1937, ó tẹ ìwé kan jáde tó fi kọ́ àwọn èèyàn bí a ṣe ń kọ ìtàn sinimá, kò fi ìmọ̀ náà pamọ́. Àmọ́ ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa kọ ohun tí ẹlòmíì máa fà ya. Ní ọdún 1946, ó fi MGM sílẹ̀. Ó padà sídìí ohun tó kọ́kọ́ fẹ́ràn: ó ya àwòrán, ó gbẹ́ ère, ó sì kọ ìwé ìtàn àròsọ tí kò sí ọ̀gá kankan tó lè gé e. Ní ọdún 1972, ó kọ ìwé nípa ìrìn-àjò ayé rẹ̀ nínú sinimá. Àwọn òṣèré tó bá rìn ló pọ̀ nínú rẹ̀, ara rẹ̀ kò sì gba àyè tó bó ṣe yẹ. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 1973, ó kú ní Los Angeles. Ẹni ọdún 84 ni.

Ohun tó kù

Ọ̀pọ̀ fíìmù ayé àtijọ́ ti sọ nù, torí iná àti torí àìbìkítà. Ṣùgbọ́n The Poor Little Rich Girl ṣì wà, Stella Maris ṣì wà, Min and Bill ṣì wà, The Big House àti The Champ náà ṣì wà. Ẹni tó bá ní telefóònù tó lè wo fídíò lè wá wọn rí.

Ní tiwa, a kọ ìtàn yìí nítorí pé nínú àwọn abúlé wa náà, àwọn kan wà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tí ẹlòmíì ń fi lókìkí. Ẹni tó kọ orin kọ́ ni gbogbo èèyàn ń na owó sí níwájú, ẹni tó kọ ọ́ lẹ́nu ni. Ẹni tó pa ìtàn fún ọmọdé kò lórúkọ nínú ìwé. Nígbà mìíràn tí ẹ bá jókòó síwájú télé, tí eré bá parí, tí orúkọ ń kọjá, ẹ má tètè pa á. Ẹ dúró díẹ̀, ẹ wá ẹni tó kọ ọ́. Ó lè jẹ́ ọmọbìnrin kan tí wọ́n lé nílé ìwé nítorí àwòrán.

Ó dìgbà mìíràn. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wa ju ẹ̀mí wa lọ, kí orúkọ wa má sì pa rẹ́ lára iṣẹ́ náà.